Àkànní, má tíì sanwó ọkọ̀ yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Mo ti rán Kẹ́hìndé lọ sí Bódìjà kí n tó mú bírò, nítorí n kò fẹ́ kó bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ọmọ Ìyá Rísì tó ń wa ọkọ̀ Ìbàdàn sí Èkó ni yóò mú un wá fún ọ. Má jẹ́ kó dúró títí kí o tó jáde sí i.

Ìyàwó Múfú ló fi fọ́tò hàn mí. Ó ní o gbé e sí WhatsApp rẹ: Mercedes dúdú onílẹ̀kùn méjì, òrùlé rẹ̀ ti ká lọ sẹ́yìn, ìwọ jókòó sídìí sítíárì, o fi awò dúdú sójú. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó kù díẹ̀. Inú ìyàwó Múfú ń dùn, ó rò pé inú tèmi náà yóò dùn. Mo ní kó fi í ránṣẹ́ sí fóònù mi, mo sì ń wò ó títí bátìrì fi kú. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń wò, ọmọ mi. Iná iwájú ọkọ̀ náà ni. Ti apá ọ̀tún mọ́ kedere. Ti apá òsì ní kùrukùru nínú, bí ẹni mí èémí sí gíláàsì.

Ṣé omi ti mu ọkọ̀ yẹn rí?

Mo pè ọ́, o kò gbé e. Mo tún pè, o ní o wà ní mítíìnì. Mítíìnì wo ni kì í parí? Owó ilé ìwé Kẹ́hìndé tí o ní yóò wọlé kí oṣù tó parí, n kò rí i. N kò bínú nítorí owó, mo ti san apá kan nínú èsúsú mi. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ pé o fẹ́ yá mílíọ̀nù mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín, láti fi ra mọ́tò tí ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ yóò ká orúnkún kan àgbọ̀n. Ẹ̀yìn yẹn ni ìyàwó rẹ yóò gbé ọmọ sí?

Àwọn ará ilé wà, wọ́n ń kí ọ. Ìyá Rísì ti parí ilé rẹ̀. Pọ́ǹpù wa tún ti bàjẹ́, kànga la ń fà. Wọ́n tún ọ̀nà wa ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ti iwájú ilé wa sílẹ̀.

Má sọ pé Màámi kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ìgbàlódé. Ẹ̀yà mọ́tò tí mo tà ní Gate ló fi ìwé lé ọ lọ́wọ́. Mo mọ irú Mercedes yẹn, CLK ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ti ọdún 2006 ni, CLK 350. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ọkọ̀ tó rẹwà ni, bó ṣe ń dún sì máa ń dùn mọ́ mi létí tó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní M272. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, títí wọ ọdún 2006, jíà kékeré kan wà lórí ọ̀pá tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù, irin tí wọ́n fi ṣe é sì rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Eyín rẹ̀ máa ń jẹ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Kì í ṣe owó irin yẹn ló ń dẹ́rù bani. Kí ọwọ́ mẹkáníìkì tó dé ibi tó wà, àfi kó sọ odindi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń mọ èyí tó ní àrùn náà lára. Ṣé o béèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á? O kò béèrè. Awò dúdú lo béèrè.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ta lo fẹ́ kó rí ọ nínú rẹ̀, Àkànní? Ṣé àwọn ọmọ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni?

Jọ̀wọ́, má bínú. Mo mọ bó o ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé o kì í sùn. Fìríìjì tí o rà fún mi ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì ń fi hàn gbogbo ẹni tó bá wọlé. Bí ènìyàn bá lè gba ìgbádùn, ìwọ tọ́ sí i ju ọ̀pọ̀ lọ.

Òrùlé aṣọ yẹn náà ní ìtàn. Òróró ló ń gbé e: pọ́ǹpù kan ń ti òróró gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú àwọn sìlíńdà tó ń gbé e dìde. Rọ́bà inú sìlíńdà máa ń gbó, oòrùn wa sì máa ń jẹ́ kó tètè gbó. Nígbà náà ni òróró yóò máa kán láti òkè gíláàsì iwájú, níbi tí òrùlé ti ń kọ́, lé ẹni tó ń wakọ̀ lórí. Na ọwọ́ sókè síbẹ̀ kí o fi ìka pa aṣọ rẹ̀, bó bá yọ̀, o ti mọ̀. Àwọn ihò kéékèèké sì wà lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òrùlé ń ká sí, tí omi òjò ń gbà sá lọ sílẹ̀. Ewé kékeré tó bá dí wọn, inú ọkọ̀ ni omi ń yà sí, a sì wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí wáyà àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wà. Òjò Èkó ti oṣù kẹfà àti ìkeje, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Igi máńgòrò ló wà níbi tí o ń gbé ọkọ̀ sí.

Omi nìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò lè fi omi sílẹ̀.

Ṣé o mọ ibi tí ọkọ̀ yẹn ti wá? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina mú kí omi bo New Orleans mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, Harvey ṣe bẹ́ẹ̀ fún Houston, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Ọkọ̀ tó rì sínú omi níbẹ̀ kò lóǹkà. Àwọn adójútòfò san owó fún àwọn tó ni wọ́n, wọ́n sì kó ọkọ̀ náà lọ sí gbàǹjo. Níbẹ̀ ni àwọn kan ti ń rà wọ́n, wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á sá wọn sóòrùn, wọ́n á dì wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ẹni tó ń bá ọ mú ìwé Amẹ́ríkà rẹ̀ wálé, “fẹ́ẹ́sì bọ́dì” ni wọ́n máa sọ fún ọ. Àmọ́ nọ́ńbà ṣásì kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀. Létà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. O lè kà á láti ìta, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá òsì. WDB ló máa bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é ní Jámánì, ìkẹwàá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 6 bí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti 2006 bá ni lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NICB, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń bá ènìyàn yẹ nọ́ńbà yẹn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá adójútòfò kankan ti kọ̀wé pé ọkọ̀ náà ti bàjẹ́. Kẹ́hìndé ló kọ́ mi. Kódà bí wọn kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, má tíì fọkàn balẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó rì ló ní adójútòfò.

Àkànní, mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí po láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

O rántí ọkọ̀ tí bàbá rẹ gbé wálé láti Kútọnu. Ìgbà yẹn, ènìyàn ṣì lè gba Sẹ̀mẹ̀ gbé ọkọ̀ wọlé, ọdún 2017 ni ìjọba tó fòfin dè é. Ilẹ̀ Ológunẹ̀rù ló tà láti fi rà á. Gbogbo àdúgbò jáde. Ìyàwó ń lọ sílé ọkọ ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ yẹn, mo ti wọ léèsì, mo ti wé gèlè, bàbá rẹ sì ṣílẹ̀kùn iwájú fún mi níṣojú gbogbo wọn. Bí mo ṣe jókòó ni òórùn náà lù mí. Wọ́n ti gbé lọ́fíńdà kọ́ sí ara jígí, ṣùgbọ́n òórùn aṣọ tí wọ́n ká ní tútù wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fa bẹ́líìtì ìjókòó mi dópin. Ìlà kan tó pọ́n bí ilẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, níbi tí omi ga dé. Ìlà yẹn tààrà, ó gún régé. Mo tú ọwọ́ sílẹ̀, bẹ́líìtì sì wọlé padà.

N kò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Mo wo ojú bàbá rẹ, mo wo àwọn tó ń wò wá, mo sì ní kó máa lọ, a ti pẹ́.

Ẹ mọ ìyókù, tàbí ẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. A sọ fún yín pé bíréèkì tírélà ló já ní Ògèrè. Kì í ṣe bíréèkì. Òru ni, bàbá rẹ ń bọ̀ láti Èkó, gbogbo iná ọkọ̀ náà kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́ńjìnnì náà kú. Kò sí iná kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí dẹ́rẹ́bà tírélà lè fi rí i. Wáyà tó ti mu omi ni. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kó tó jẹ tán nínú rọ́bà rẹ̀, ojú kò ní rí i. Rẹ́wáyà tó tú ọkọ̀ náà lẹ́yìn náà fi hàn mí, wáyà náà ti di àwọ̀ ewé, ó ń fọ́ bí mo ṣe mú un dání. Ìwọ lo ń bá bàbá rẹ gbé ọ̀pá rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ jáde, o kéré nígbà náà. A jọ ń ṣépè fún dẹ́rẹ́bà yẹn. Mo ń ṣe àmín sí i.

Bàbá rẹ lọ láì mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pè ọ́ láàárín mítíìnì. Má rò pé mo ń jowú ìgbádùn rẹ. Bó bá jẹ́ pé owó nìkan ni mò ń sọ ni, mo lè dákẹ́, owó alájẹṣẹ́kù máa ń tán ní sísan.

Nítorí náà, má sanwó, àní owó ìdúró pàápàá. Sọ fún ẹni tó ń tà á pé ìyá rẹ fẹ́ wò ó. Bó bá kọ̀, jẹ́ kó máa lọ. Bó bá gbà, mo ti bá Bàbá Ṣẹ́gun rẹ́wáyà sọ̀rọ̀, yóò wá sí Èkó lọ́jọ́ Sátidé, n ó bá a wá. Ẹ má wẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ dè wá. A ó gbé kápẹ́ẹ̀tì, a ó wo irin tó di ìjókòó mọ́lẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. A ó fa bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dópin, èmi fúnra mi ni n ó fà wọ́n. A ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ìwọ yóò jókòó sínú rẹ̀, wọ́n yóò sì máa da omi lé òrùlé títí a ó fi mọ ibi tó ń jò. Ṣí òrùlé náà, tì í, tún ṣí i, kí o sì máa tẹ́tí sí pọ́ǹpù. Kí o wo ẹ̀gbẹ́ táyà pẹ̀lú; nọ́ńbà mẹ́rin ló parí ìlà tí wọ́n kọ DOT sí, èyí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, táyà bẹ́ẹ̀ kò yẹ lójú ọ̀nà wa mọ́ bó ti wù kó ṣe tuntun sí ojú.

Bí ọkàn rẹ kò bá lè kúrò lára irú ọkọ̀ yìí, dúró kí o rí ti 2008 tàbí 2009, tí irin inú ẹ́ńjìnnì yẹn ti yí padà. N ó fi díẹ̀ kún un nínú owó àjọ mi tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, lóòótọ́ ni mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá rà á, ojúmọmọ ni kí o máa gbé e wá sí Ìbàdàn. Má gba Ògèrè kọjá lóru. Mo bẹ̀ ọ́. Kí n má gbọ́ pé o gba Ògèrè kọjá lóru.

N ó sọ fún Kẹ́hìndé fúnra mi, má sọ fún un ṣáájú mi. Fún ìyàwó rẹ, sọ ọ́ bó bá wù ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, fi nọ́ńbà ṣásì náà ránṣẹ́ sí mi, gbogbo mẹ́tàdínlógún, má fo ọ̀kan.

Èmi ni,
Ìyá rẹ