Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí títo ẹ́ńjìnnì fi ń pẹ́ ju títú u lọ

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kàbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, òkun o.

Ìbéèrè kan là ń gbọ́ jù: "Ọ̀gá, kíá lẹ tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀, kí ló dé tí ẹ ò tíì tò ó tán?" Àwọn awakọ̀ tó ń ná Ọ̀bájànà ló ń bi wá jù, a ò sì dá wọn lẹ́bi. Ọkọ̀ tó dúró kì í pawó wọlé.

Títò gan-an ni iṣẹ́. Bí kíráńkì, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, bá ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́ dé, a gbọ́dọ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín òun àti bíárìn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí lórí rẹ̀, kí a tó dè é. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, àlàfo yìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà. Bó bá fún jù, bíárìn á jó. Bó bá fẹ̀ jù, ọ́ìlì á ṣàn dànù, ẹ́ńjìnnì á sì máa dún kò-kò-kò.

Ti ríìngì, àwọn òrùka irin tó yí písítìn ká, kò le: ẹnu wọn kò gbọdọ̀ wà lójú kan náà, kí gáàsì má baà jò sísàlẹ̀.

Tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, tí a ó máa bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sípánà tó ń fi iye agbára hàn. Bí wọ́n bá fi agbára apá lásán dè é láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí abẹ́ rẹ̀ á bẹ́, omi á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Bóòtù tó ń di ìdérí yìí mú nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní máa ń nà bí a bá dè é, a kì í sì í lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bóòtù tuntun nínú bíìlì yín, kì í ṣe ọgbọ́n àtigbowó. Gáskẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ́ tí ẹ rà wá fúnra yín, a ò ní fi í sí i.

Bí a bá ti to àmì táímìnì tán, ìyẹn àmì tó ń jẹ́ kí kíráńkì àti àwọn fáàfù máa ṣiṣẹ́ lásìkò kan náà, ọwọ́ la fi ń yí kíráńkì po lẹ́ẹ̀mejì kí a tó fi bátìrì yí i, kí a lè rí i pé nǹkan kan kò kọ lu ara wọn.

Bí ẹ bá gba ọkọ̀ yín, ẹ má ru ẹrù wúwo fún 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má sì fi eré kan náà dé Lọ́kọ́jà. Ẹ máa yí eré padà kí ríìngì lè jókòó dáadáa sára ògiri sílíńdà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un wá ká pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. A ò ní gba owó iṣẹ́.

Bí ọkọ̀ yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ẹ pè kí ẹ tó wá. Bí ẹ bá sì bá wa lẹ́nu títò, ẹ jọ̀ọ́, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ jókòó sí. Eruku bàtà lásán tó láti ba bíárìn tuntun jẹ́.

Ọ̀gá mẹkáníìkì yín