Owó Ìpìlẹ̀ Pọ̀, Ta Ni Báńkì Ń Yá Lówó?

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ìwé ìròyìn yín gbé jáde nípa owó ìpìlẹ̀ tuntun, ìyẹn owó tí àwọn tó ni báńkì gbọ́dọ̀ fi sínú rẹ̀, tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, pé kí báńkì tó bá fẹ́ máa ṣòwò dé òkè òkun ní bílíọ̀nù 500 náírà, kí èyí tó ń ṣòwò káàkiri Nàìjíríà ní bílíọ̀nù 200, kí ti ẹkùn kan ṣoṣo sì ní bílíọ̀nù 50, kí oṣù Kẹta ọdún 2026 tó parí. Ẹni tó kọ ọ́ sọ ọ́ bí ẹni pé tí owó yẹn bá ti pé, wàhálà àwọn báńkì wa tán nìyẹn. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ, ìdajì tó kù ló sì kan àwa tí à ń tajà, tí à ń dáko ní Ògbómọ̀ṣọ́.

A ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí. Ní oṣù Keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, ní kí owó ìpìlẹ̀ kúrò ní bílíọ̀nù méjì náírà, kó di bílíọ̀nù 25. Kí ọdún 2005 tó parí, báńkì 89 ti di 25: àwọn kan parapọ̀, àwọn mìíràn kógbá wọlé, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́rin kò tíì pé lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, tí Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, fi yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tó sì fi bílíọ̀nù 420 náírà ti àwọn báńkì náà lẹ́yìn kí wọ́n má baà wó. Kí ọdún tó parí, owó náà ti di bílíọ̀nù 620. Owó ìpìlẹ̀ ńlá kò gbà wọ́n sílẹ̀, nítorí pé ibi tí wọ́n yá owó sí ni kò dára. Àwọn tó ń ra ìpín ìdókòwò àti àwọn tó ń kó epo bẹntiróòlù wọlé ni wọ́n rọ́ ọ fún, àwọn olùdarí kan tún ń yá ara wọn. Nígbà tí ọjà ìpín ìdókòwò dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008, tí àgbá epo rọ̀bì kan sì já láti nǹkan bí dọ́là 147 ní oṣù Keje wá sí ìsàlẹ̀ 40 ní ìparí ọdún, èlé kò wọlé, ojú owó gan-an kò sì padà. AMCON, ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2010, ló ra àwọn gbèsè náà, láti ìgbà náà ni àwọn báńkì sì ti ń dá owó fún un lọ́dọọdún. (Ẹni tó bá rò pé owó yẹn kì í ti àpò oníbàárà jáde, kó wo ohun tí wọ́n ń yọ lórí àkáǹtì rẹ̀.)

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀bi ló wà lọ́rùn àwọn báńkì o. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní kí wọ́n máa kó 50 náírà nínú 100 náírà tí a bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn wá fún òun, láìsan èlé lórí rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ló tó dín in kù sí 45. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 yẹn kan náà, ìwọ̀n owó èlé tirẹ̀, èyí tí gbogbo báńkì ń wò fi dá tiwọn, gòkè dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba àpapọ̀ náà ń yáwó nígbà náà ní èlé tó lé ní ìdá 20. Báńkì tó lè kó owó lé ìjọba lọ́wọ́, kó sùn, kó jí, kó gba èlé, kí ni yóò mú un máa wá oníṣòwò gàrí kiri? Nígbà tí náírà sì já bọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, báńkì tó ní dọ́là nílẹ̀ rí èrè ńlá tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó bá gbọ́ pé báńkì kan jèrè rẹpẹtẹ, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí èrè náà ti wá.

N kò ní sọ púpọ̀ lórí iná mànàmáná àti dísẹ́ẹ̀lì, gbogbo oníṣòwò ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo àsìkò kajú ní agbègbè wa. Ẹni tó ń ra kajú gbọ́dọ̀ san owó fún àgbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nínú oko, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn á rà á lọ. Bí ó bá tọ báńkì lọ, wọn á ní kó mú ìwé ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí wá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ìdílé ló pọ̀ jù nílùú yìí, tí ìwé rẹ̀ kò ju rìsíìtì àti ìfọwọ́sí olórí ẹbí lọ. Fọ́ọ̀mù á lọ sí Ìbàdàn, á gba ibẹ̀ lọ sí Èkó, kí èsì tó dé, kajú ti tán lóko. Mo mọ obìnrin kan tó ń ta gàrí ní ọjà Jagun, tó ti ń dá àjọ lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́. Káàdì àjọ rẹ̀ kò ní àlàfo àfi ọjọ́ Àìkú. Lójú tèmi, káàdì yẹn sọ irú ẹni tó fẹ́ yáwó ju ìwé ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù báńkì.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó lọ́dọ̀ wa á mú onídùúró méjì wá nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́, kò sì lè gbà ju ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́. N kò ní purọ́ pé a kì í rí ajigbèsè, àmọ́ wọn kì í pọ̀, nítorí ẹni tó bá jẹ gbèsè mọ̀ pé òun àti onídùúró òun yóò pàdé ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin tilẹ̀ ti wà láti ọdún 2017 tó gbà kí èèyàn fi ẹ̀rọ, ọjà tàbí ẹran ọ̀sìn dúró láti fi yáwó. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ bi òṣìṣẹ́ báńkì tó bá súnmọ́ yín bóyá ó ti lò ó fún oníbàárà kankan rí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí ẹ bá tún gbé èrè báńkì jáde, kí ẹ gbé iye gbèsè tí kò padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí Báńkì Àpapọ̀ ní kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí báńkì yá jáde lọ. Kí ẹ sì bá wa bi àwọn ẹ̀ka wọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ léèrè pé, nínú owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá, èló ni wọ́n yá padà síhìn-ín?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.