Ẹ béèrè àgbà ilé náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń fún ọmọdé ní oògùn àjẹsára kan ilẹ̀kùn wa ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọ̀kan gbé kúlà kọ́ èjìká, èkejì mú ìwé àti báírò lọ́wọ́. "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wà nílé yìí?" Mo ní kò sí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri, ó di ojúlé kejì. Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé tí wọ́n sàmì sí yẹn: èmi, ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún nínú wa, mẹ́ta ló sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sẹ́ni tó béèrè wa.

N kò bá àwọn ọmọ náà wí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n jẹ́. Mo mọ iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa, torí mo bá wọn ṣe é nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni Yorùbá ń pe àrùn tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Èyí tó ń gbé àgbà ṣánlẹ̀ ńkọ́? Rọpárọsẹ̀. Lójú ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ, ọmọ ìyá ni wọ́n. (Àwọn dókítà á ní wọn ò jọra, pé kòkòrò ló ń fa ti ọmọdé, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ tó bẹ́ tàbí tó dí ló ń fa ti àgbà. Mo gbà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dé ilé aláìsàn ni tèmi.) Ti ọmọdé, ìjọba, àwọn àjọ àgbáyé, ọba, ìmáàmù àti pásítọ̀ ló para pọ̀ lé e, títí wọ́n fi kéde lóṣù Kẹjọ ọdún 2020 pé ojúlówó kòkòrò náà ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà ló gbẹ́yìn. Ti àgbà, kálukú ń fi àdúrà tì í.

Ẹ má sọ pé oògùn tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu nìkan ló ṣiṣẹ́ yẹn. Oògùn náà ti wà tipẹ́ kí àrùn ọ̀hún tó lọ. Pípadà lọ ni. Bí a bá dé ilé kan tí ìyá ti gbé ọmọ lọ sọ́jà, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì padà lọ nírọ̀lẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì. Ilé tó bá kọ̀, a ó mú ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ládùúgbò dání lọ bá wọn. Lẹ́yìn wa, alábòójútó á tún tọ ipasẹ̀ wa, á máa yẹ ìka ọmọńdinrín àwọn ọmọ wò bóyá a fi yíǹkì sàmì sí i. Ojúlé tí a bá fò, ẹnìkan á bi wá léèrè rẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbà. Bí ọjọ́ ìbí olóṣèlú bá pé, wọn a ta kanopí, wọn a gbé àwòrán rẹ̀ kọ́, wọn a ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ti dé. Ọ̀kan wáyé nítòsí wa lọ́dún tó kọjá. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aládùúgbò mi kan níbẹ̀, opó tó ń ta ẹ̀kọ. Wọ́n ní ó ga, wọ́n fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ó lo oògùn tán, ara ń dá a, ó ní òun ti san. Ta ni ì bá sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, àti pé oògùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lò tán? Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà la bá a nílẹ̀ balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Apá òsì kò ṣeé gbé mọ́, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà. Kánádà ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tí ọmọ rẹ̀ ti jápa, owó orí fóònù ló ń mu, owó ọ̀hún kò sì lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá àgbà délé. Ní Ìdíkàn wa níbí n'Ìbàdàn, lọ́dún 1992, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń wá ẹni tó ti pé ọdún 65. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, wà lára àwọn tó ṣáájú wọn. Ẹni tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n á fi ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. (Lónìí, ẹni tó bá rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú Adélabú wọ Ìbàdàn lọ́dún 1958 ti lé ní àádọ́rin, kò nílò ìwé ẹ̀rí.) Wọ́n bi ìyá bàbá mi pé kí lọjọ́ òní, kí ni wọ́n ń pe èyí. Inú bí màmá, wọ́n ní ṣé àwọn ọmọ yìí rò pé òun ti ń ṣarán ni. Àwọn olùwádìí náà padà wá lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n sì tún padà wá. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2001, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ní Ìdíkàn, 1.15 ni àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ń mú lọ́dún kan. Láàárín àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, 2.52 ni. Gbogbo ayé gbọ́ orúkọ Ìdíkàn. Bí a bá lè padà sílé àgbà nítorí ìwádìí, kí ló dé tí a kò lè padà síbẹ̀ nítorí ìfúnpá?

Òfin kò ṣaláì sí. Ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ti adójútòfò ìlera lọ́dún 2022 ka àgbà mọ́ aláboyún, ọmọdé, abirùn àti aláìní tí ìjọba yóò gbé ẹrù wọn. UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ní ilé ìtọ́jú àgbà láti ọdún 2012, ó sì dára fún ẹni tó bá lè débẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ògùn tó múlé tì wá, òun àti Kánò, ti ń gbìyànjú láti ọdún 2020 pé kí òṣìṣẹ́ ìlera ìbílẹ̀, tí kì í ṣe dókítà, máa wọn ìfúnpá ní àwọn ibùdó ìlera kan, kí wọ́n sì máa tẹ̀lé ìlànà tí kò lọ́jú pọ̀ fún aláìsàn ní oògùn.

Ohun tí mo ń tọrọ kéré. Èmi ò ní kí àwọn ọmọ tó ń sáré láti ojúlé dé ojúlé dúró wọn ìfúnpá; ìyẹn gba kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí wọ́n fi ìlà kan kún ìwé wọn: àgbà mélòó ló wà níbí, ta ni kò lè jáde? Kí ibùdó ìlera àdúgbò rán ẹni wá wọn ìfúnpá wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kí oògùn rẹ̀ máa jáde lóṣooṣù, kí wọ́n sì wá a lọ sílé bí oṣù bá pé tí kò yọjú. Owó àjẹmọ́nú àwọn òṣìṣẹ́ yóò lé sí i, n kò sì ní kí wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá rìn, ẹ san owó ìrìn fún un.

Mo mọ̀ pé alága ìjọba ìbílẹ̀ wa ń ka ìwé ìròyìn yín. Bí wọ́n bá ń wá ojúlé tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́rin wà nílé. A máa ń tètè jí.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìdíkàn, Ìbàdàn.