Ara òjá ni mo ti kọ́ ọgbọ́n okùn kámẹ́rà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni mo gbé dé lónìí, àwọn tó ń kọ ọ́ sí yín ti pọ̀ tó. Àwòrán kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n mú bírò. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan ni, kámẹ́rà ayé àtijọ́ tó ń lo fíìmù wà lọ́rùn kálukú wọn. Inú mi dùn débi pé mo pe aládùúgbò mi kó wá wò ó, torí mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé fíìmù ti bá àwọn ọ̀gá wa lọ. Ìgbà tí mo wá fi awò ojú mi sí i dáadáa ni mo rí ọmọkùnrin àárín. Okùn tín-ín-rín kan báyìí, tí kò ju èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ lọ, ló fi gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó sì ti tẹ orí síwájú bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Mo ní, "Ọmọ yìí á fi àbóníkí ra ọrùn kó tó sùn lálẹ́ òní."

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin ní Iléṣà níbí. Mo wọṣẹ́ ní 1977, mo ṣe fúrídọ̀ọ̀mù ní 1980. Obìnrin kò pọ̀ nídìí rẹ̀ nígbà náà. Mo lè gbé kámẹ́rà dé òde ìnáwó kí wọ́n máa bi mí pé fótógíráfà gan-an dà, ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Kámẹ́rà ọ̀gá mi ni Yashica-Mat 124G, ti ilẹ̀ Japan, olójú méjì, èyí tí èèyàn máa ń wò láti òkè bí ẹni ń wo inú kànga. Ó lé ní kìlógíráàmù kan, fọ́tò méjìlá péré sì ni fíìmù rẹ̀ ń gbà. Nígbà tí mo dá dúró, Pentax K1000 ni mo rà. 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1997. Òun nìkan tó nǹkan bí 620 gíráàmù. Tí ẹ bá fi léńsì 50mm sí i, ó ti ń sún mọ́ 800. Ẹni tó bá gbé e wò ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á á ní kò wúwo. Kó gbé e láti ìgbà tí ìyàwó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì títí di ìgbà tí onílù bá ń palẹ̀ ìlù rẹ̀ mọ́, fíláàṣì lórí rẹ̀, kó wá padà wá sọ fún mi.

Awọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Awọ dára lójú, n kò ní purọ́. Aránbàtà kan ló bá mi gé e, ó pa á láró pupa, ó ń dán gbinrin. Ní 1984, mo wọ léèsì funfun lọ ya ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Oòrùn mú, mo làágùn. Kí wọ́n tó gé kéèkì, ìyá kan ti fà mí sẹ́yìn, ó ní kí ló gé mi lọ́rùn. Aró okùn ló ti ṣàn sára léèsì láti èjìká dé ìbàdí bí ẹ̀jẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó o, àsẹ̀yìnwá ó di aṣọ tí mo fi ń nu tábìlì. Ẹ̀yin tó bá jẹ́ awọ lẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi àkísà funfun tó tutù nù ún dáadáa. Bí àkísà bá pọ́n, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí òjò bá sì pa á, ẹ má ká a sínú báàgì láìsá a, ó máa bu.

Ohun tó là mí lójú kò sí nídìí kámẹ́rà rárá. Ọmọ mi kejì ni. Ó pé oṣù mẹ́jọ, mo pọ̀n ọ́n lọ sí Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, mo ná, mo rà, mo fẹsẹ̀ rìn padà wálé, kò síbi tó dùn mí. Lọ́jọ́ kejì mo gbé kámẹ́rà fún wákàtí mẹ́ta, ọrùn mi kò ṣeé yí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn wúwo tó kámẹ́rà mẹ́wàá! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ́ òjá sórí itan, mo ń wò ó. Òjá ọ̀hún kò rọ̀ ju okùn kámẹ́rà mi lọ. Ó fẹ̀ jù ú lọ ni. Kò sì sí ìyá tó ń fi òjá gbé ọmọ kọ́rùn: àyà ń gbà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ń gbà níbẹ̀, ẹ̀yìn ń gbà níbẹ̀.

Mo lọ tú àpótí, mo rí òfì tó ṣẹ́kù lára aṣọ ẹbí kan. Ojú òfì náà fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rin. Mo ṣẹ́ ẹ po, ó di íǹṣì méjì. Mo ki okùn báàgì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe apá báàgì ọmọ iléèwé, sí i láàárín, nítorí òfì nìkan á máa fà bó bá pẹ́. Ní orí rẹ̀ méjèèjì tí yóò kan irin, mo ní kí télọ̀ rán an yípo igun mẹ́rin, kó tún fi òwú dábùú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, bí ìgbà tí tíṣà bá fagi lé iṣẹ́ ọmọ tó gba òdo. Íǹṣì méjì yẹn tó. Mo ti dán íǹṣì mẹ́ta wò rí, ńṣe ló ń ká lọ́rùn, ó ń gún mi lágbọ̀n bí mo bá gbé kámẹ́rà sójú.

Àwọn okùn kan wà lóde báyìí tó ní rọ́bà tó ń fà. Tí ẹ bá fi ọwọ́ gbé e wò, ẹ ó rò pé kámẹ́rà ti fúyẹ́. Ẹ wá máa rìn. Kámẹ́rà á máa jó sókè jó sódò bí korobá lórí ẹni tí kò mọ omi rù. Èmi kò fẹ́ irú rẹ̀ nítòsí mi.

Ẹ gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká òsì kó wá sọ̀ sí ìbàdí ọ̀tún, ẹ má gbé e kọ́ ọrùn. Ìhà inú okùn gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lórí aṣọ, kí kámẹ́rà lè gòkè dé ojú láìjẹ́ pé ẹ bọ́ ọ. Gígùn rẹ̀ ló fún mi ní wàhálà, nítorí gèlè. Ẹ̀yin ọkùnrin kò lè mọ èyí. Bí okùn bá kúrú, kò ní kọjá lórí gèlè. Bó bá gùn kó lè kọjá, kámẹ́rà á máa lu itan. K1000 kò sì ní ibi tí wọ́n ti ń pa míítà rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń bá wa wọn ìmọ́lẹ̀, ìdérí léńsì ló ń fi òkùnkùn pa á. Bó bá ti ń lu itan, ìdérí á bọ́, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, bátìrì á máa jó lọ láìsí ẹni tó mọ̀. Ó ṣì máa yà o, ojú ara ẹni lèèyàn á kàn fi máa wọn ìmọ́lẹ̀. Irin ìdè bẹ́líìtì ni mo fi yanjú rẹ̀: mo máa ń tú u, n óò wé gèlè mi, n óò tó wá de okùn. Tèmi, tí mo bá fi tépù wọ̀n ọ́n, íǹṣì 52 ni. Kálukú ni kó wọn ti ara rẹ̀.

Olójú méjì ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọrùn ni tiẹ̀, kó kúrú dé abẹ́ àyà. Tí ẹ bá ń wo inú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í sísàlẹ̀ díẹ̀ kí okùn le, ọwọ́ kò ní gbọ̀n. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi, ibi tí iná kò bá ti tó ni mo sì ti máa ń mọ iyì rẹ̀.

Ó wá ku etí kámẹ́rà, ibi tí òrùka máa ń wọ̀. Gbogbo èèyàn ń wo aṣọ okùn, kò sẹ́ni tó ń wo òrùka. Lọ́dún Ìwúde kan, mo yí òrùka tèmi padà, irú èyí tí à ń kó kọ́kọ́rọ́ sí. Ọ̀bẹ ni mo fi là á lẹ́nu, mo sì là á jù, kò padà pa mọ́ra dáadáa. Mo rí i pé kò pa mọ́. Mo ní ó ti tó. Àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá, mo sáré síwájú, mo gbọ́ "ṣáń!" Orí ẹsẹ̀ mi ni Pentax bọ́ sí, kò fọ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ló sanwó rẹ̀, èékánná ibẹ̀ wọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Láti ìgbà náà, kí n tó jáde, n óò di okùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n óò fà á gidi lórí bẹ́ẹ̀dì, n óò ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí irin òrùka bá ti jẹ tín-ín-rín níbì kan, mo sọ ọ́ nù. Mo sì máa ń ki awọ pélébé kan sábẹ́ rẹ̀ kó má fi ha ara kámẹ́rà.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Ilé-Ifẹ̀ náà ti ra K1000. Ó fi àwòrán okùn tó fẹ́ rà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, irin wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí ti ẹṣin ọba. Mo bi í bóyá kámẹ́rà ló fẹ́ gbé tàbí ó fẹ́ gun ún. Mo fi òfì kan ránṣẹ́ sí i nínú ọkọ̀. Ó ní, "Màmá, ó rí bíi ti àwọn àgbàlagbà." Ìyẹn ti lé ní oṣù márùn-ún, kò tíì dá a padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọmọkùnrin àárín yẹn. Bó bá gba Iléṣà kọjá, kó béèrè Màmá Onífótò ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀. Ojú òfì méjì ṣì kù nínú àpótí, aláwọ̀ èlùbọ́ àti aláwọ̀ ewé. Kó gbé kámẹ́rà náà dání, kí n lè wọn okùn náà sí i lára.

Èmi ni tiyín,
Màmá Onífótò,
Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, Iléṣà.