Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú ìfaradà òtútù. Mo mọ̀ pé inú bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni ẹlòmíràn nínú yín yóò ti ka lẹ́tà yìí, lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí méjìlá, tí ẹsẹ̀ ti wú nínú bàtà. N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé, "Mọ́mì, kí ni ká ṣe bí aláìsàn bá ní òun ò fẹ́ kí èèyàn dúdú fọwọ́ kan òun?" Ìdáhùn mi kúrú. Ẹ pe ẹni tó ń darí wọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún Màmá Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Aláìsàn kan kọ̀ jálẹ̀ pé Màmá ò gbọdọ̀ tọ́jú òun nítorí àwọ̀ rẹ̀. Màmá parí ẹ̀kọ́, ó padà sílé, ó di mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Èébú ń dunni, n kò sọ pé kò dunni, ṣùgbọ́n kì í bu owó oṣù kù. Ohun tó ń bu owó oṣù kù, tó ń dá èèyàn dúró sójú kan fún ogún ọdún, ìwé ni. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí àwa ń dé, ní àwọn ọdún 1960 wọ 1970, oríṣi ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì méjì ló wà. SRN (State Registered Nurse) ni ti ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá gbà á lè di sísítà wọ́ọ̀dù, ó lè di mátírọ́ọ̀nù. SEN (State Enrolled Nurse) ni ti ọdún méjì, ẹni tó bá sì gba ìyẹn, ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí náà ló sábà máa ń parí sí. Lórí wọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ẹ jọ ń gbé póò, ẹ jọ ń yí aláìsàn, ẹ jọ ń wẹ òkú. Ọmọbìnrin tó ṣe dáadáa nínú ìwé mẹ́wàá yóò dé láti Abẹ́òkúta tàbí láti Kingston, wọn yóò gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀, wọn ò sì ní sọ fún un pé ọ̀nà méjì ló wà. Yóò fọwọ́ sí i. SEN ni. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ mi ò mọ̀ títí ọjọ́ tí wọ́n ṣàkíyèsí pé ìgbànú àwọn ọmọ òyìnbó tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn. Kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ wa lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Obìnrin tó gbé e wá tilẹ̀ fún wa ní tíì àti bisikíìtì.

Ìgbà tí ẹlòmíràn fẹ́ padà sílé ni ojú rẹ̀ tó là. Ó gbé ìwé SEN dé iwájú ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì nílé, wọ́n ní èyí ò tó láti fi ṣe nọ́ọ̀sì tó pé. Ó ti fi ọdún méjì tọ́jú ìyá onílé àti bàbá onílé, kò sì lè fi ìwé náà tọ́jú ìyá tirẹ̀. Ẹ̀yin máa ń rò pé owó pọ́n-ùn ló dá gbogbo àwọn àgbà yẹn dúró sí London.

Ó wá kù díẹ̀. Ní 1988 ìjọba ṣe ètò tuntun, wọ́n pín gbogbo nọ́ọ̀sì sí ìpele láti A dé I, wọ́n sì so owó mọ́ ọn. Ètò yẹn ò béèrè àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó béèrè ni irú ìwé ẹ̀rí tó o ní àti ipò tó o wà. Ta ló wà ní ipò ńlá ní 1988? Ẹni tí wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù tó dáa ní 1968 ni. Owó ìfẹ̀yìntì tí à ń gbà lónìí, ìpele yẹn ló ṣì ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìyá yín ra gààrí lọ́jà mọ kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé. Ìyá gààrí lè jẹ́ èèyàn rere. Ó lè kí ẹ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó lè bu èènì sí i. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé bó ṣe rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn náà nìyẹn, tí kò mọ̀ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá fi wọn gààrí fún yín, ó dín. Ẹni tó bá ń wá ìkà lójú ìyá gààrí yóò wá a tì, nítorí ìdí kóńgò ló yẹ kó yẹ̀ wò.

Ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tí ẹ máa ń fi há ìka aláìsàn láti mọ bí ọ́ksíjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iná ló ń tàn gba ara kọjá. Bí awọ bá dúdú, ẹ̀rọ náà lè sọ pé ọ́ksíjìn pé nígbà tí kò pé. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní Oṣù Kejìlá 2020, rí i pé irú àṣìṣe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára aláwọ̀ dúdú ju ti òyìnbó lọ. Ọdún Kòrónà nìyẹn o, ọdún tí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọ́n máa dá dúró ní ọsibítù àti ẹni tí wọ́n máa ní kó padà sílé. Ní ìlú yìí, dókítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ pé Kòrónà pa, kò sí òyìnbó aláwọ̀ funfun kan nínú wọn. N kò sọ pé ẹ̀rọ ló pa wọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rọ ò kórìíra ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò ka ara wa dáadáa, torí pé ara funfun ni wọ́n fi dán an wò jù. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà nìkan ṣèdájọ́. Ẹ wo bí aláìsàn ṣe ń mí, ẹ wo inú ètè rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ rí i. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, tiyín tún lágbára jù. Ìròyìn 2018 lórí ikú aláboyún ní Ìlú Ọba sọ pé ti obìnrin dúdú tó ìlọ́po márùn-ún ti òyìnbó. Ó ti dín láti ìgbà náà, kò tíì dọ́gba. Bí obìnrin dúdú bá ní inú ń ro òun, ẹ gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀.

Mo fẹ́ dárúkọ David Olúwalé, nítorí àwọn tó ń gbé Leeds nínú yín ń gba orí afárá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọjá láìmọ ẹni tó jẹ́. Ọmọ Èkó ni. Ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Hull ní 1949. Ó ṣiṣẹ́ ní Leeds, wọ́n mú un, wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn ọpọlọ fún bí ọdún mẹ́jọ, ó jáde, kò rílé gbé. Ọlọ́pàá méjì, Ellerker àti Kitching, wá sọ ọ́ di ohun ìṣeré òru: wọn á lù ú, wọn á gbé e lọ jù sẹ́yìn ìlú. Ní Oṣù Karùn-ún 1969 wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò Aire. Lórí ìwé ẹ̀sùn kan tí ọlọ́pàá kọ nípa rẹ̀, níbi tó yẹ kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà, èébú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé ìjọba ni o, tó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá bá a wọ ilẹ̀ lọ, bí kì í bá ṣe ọlọ́pàá kékeré kan tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, tó sì lọ fẹjọ́ sùn. Ní 1971 wọ́n gbé àwọn méjèèjì dé kóòtù. Adájọ́ ní kí wọ́n yọ ẹ̀sùn ìpànìyàn kúrò, wọ́n wá jù wọ́n sẹ́wọ̀n nítorí lílù: ọdún mẹ́ta fún Ellerker, oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fún Kitching. Ní 2022 ni wọ́n kan àmì ìrántí rẹ̀ mọ́ ara afárá mìíràn níbẹ̀. Kò pé wákàtí mélòó kan tí wọ́n fi jí i.

Ẹ ní ó ti pẹ́? Ní 2018 ni gbogbo ayé gbọ́ pé àwọn àgbà tó ti Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù yòókù wá ní kékeré, tí òfin gbà láti máa gbé ìlú yìí títí láé, ti ń pàdánù iṣẹ́ àti ilé, wọ́n tilẹ̀ ti dá àwọn kan padà, torí pé wọn ò ní ìwé tí wọ́n lè fi hàn. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bi wọ́n ní ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n dé ló ti da káàdì tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ nù ní 2010. Bí ìjọba bá lè da ìwé tiẹ̀ nù, ẹ̀yin ẹ má da tiyín nù: páyísílípù, lẹ́tà iṣẹ́, gbogbo rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: mo gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú yín ń sọ nípa àwọn ọmọ Jàmáíkà, pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sinmi. Ní Bristol ní 1963, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú náà kì í gba aláwọ̀ dúdú láti wa ọkọ̀ tàbí já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì pàápàá sì ti dìbò fara mọ́ ọn. Guy Bailey, ọmọ Jàmáíkà, lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n fagi lé e bí wọ́n ṣe mọ̀ pé èèyàn dúdú ni. Roy Hackett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Paul Stephenson tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní kí ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì náà mọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi rìn kí ilé iṣẹ́ tó gbà, ní 28 Oṣù Kẹjọ. Òfin àkọ́kọ́ tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dé ní 1965, kò kan iṣẹ́ àti ilé gbígbà. Ti 1968 ló kàn án. Ti 1976 ló wá sọ pé ìlànà tó jọ pé ó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n tó ń pa apá kan nínú wọn lára láìnídìí, lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Òfin yẹn ló kọ́kọ́ yẹ ìdí kóńgò wò. A bá a nílẹ̀ ni, àwọn tí ẹ ń pè ní ọ̀lẹ ló fẹsẹ̀ wá a.

Ẹ̀yin tí ẹ fi físà iṣẹ́ ìtọ́jú wá, tiyín le ju tiwa lọ níbì kan. Ìwé yín wà lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín síṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún yín láti wá ẹlòmíràn, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yín fi ń dákẹ́. Owó tí alágbàtà gbà lọ́wọ́ yín kí ó tó wá iṣẹ́ fún yín, òfin Ìlú Ọba ò fọwọ́ sí i. Pé àwọn kan nínú àwọn alágbàtà náà ń kí wa "ẹ kú àárọ̀" ní ṣọ́ọ̀ṣì kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní Ọlọ́run á jà fún wa. Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ déètì sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹlòmíràn sí ipò tí ẹ béèrè, ẹ fi ìmeèlì béèrè ìdí rẹ̀, ìbéèrè pẹ̀lẹ́tù, láìbínú. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ́ tàbí ìpele kan síwájú yín, ẹ bi wọ́n pé kí ló kù tí wọn ò fi hàn yín, ibo ni èyí ń gbé èèyàn dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀, torí oṣù mẹ́ta péré ni òfin ti máa ń fún òṣìṣẹ́ láti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í dúró de ẹni tó ń ronú. Kí ẹ sì wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí wàhálà tó dé. Ẹgbẹ́ kì í fẹ́ gba ẹjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó dara pọ̀.

Ẹni tí wọ́n bá ti fi lẹ́tà ìbáwí pè báyìí, kó má dá lọ. Òfin 1999 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti mú aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí alábàáṣiṣẹ́ kan dání. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá kò bá bọ́ sí i fún aṣojú tàbí alábàáṣiṣẹ́ náà, ẹ lè dá ọjọ́ mìíràn tó mọ́gbọ́n dání láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu lásán.

Èmi ni ìyá yín,
nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ní London.