Nítorí ọ̀kadà, ẹ má fi ìwé ìrìnnà yín dógò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó ti lẹ́tà yìí lóru, nígbà tó yẹ kí n ti sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa níbí ní Manchester fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti Tháílàndì. Ó jókòó lórí ọ̀kadà kékeré kan, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kí i kú ìgbádùn. Mo wá bi í pé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ọ̀kadà. Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí." Ọkàn mi já. Mo bi í bóyá wọ́n fún un ní rìsíìtì. Wọn kò fún un ní nǹkan kan.

Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni èmi náà sọ fún ìyàwó mi ní oṣù Kẹta, ojú mi sì rí nǹkan. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Ká ní mo ti sọ ọ́ ni, bóyá ọmọ yìí ì bá ti gbọ́n. Nítorí náà, mo ń sọ ọ́ báyìí, kí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọdún mẹ́wàá ìgbéyàwó wa ni èmi àti ìyàwó mi lọ ṣe ní Phuket, erékùṣù kan ní Tháílàndì. Ọdún méjì ni a fi kó owó rẹ̀ jọ. A dé sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan nítòsí etíkun Kata. Erékùṣù náà tóbi, òkè pọ̀ níbẹ̀, takisí wọ́n, ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń yá ọ̀kadà tí kò ní jíà, tí èèyàn kàn ń fún níná. Báàtì 250 lójúmọ́ ni wọ́n ń gbà, kò tó pọ́n-ùn 6.

Obìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fún wa ní akoto méjì, ó wá nawọ́: pásípọ́ọ̀tù. Mo fa fọ́tòkọ́pì rẹ̀ tí mo ti ṣe wá láti Manchester yọ. Ó mi orí. Mo ní kó gba báàtì 3,000 dání títí a ó fi padà. Ó tún mi orí, ó wá fa dúrọ́ọ̀ kan jáde, ó fi hàn mí. Ìwé ìrìnnà ló kún inú rẹ̀, pupa, búlúù, oríṣiríṣi. Ìyàwó mi fà mí láṣọ, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má fún un o. Ẹ jẹ́ ká wọ takisí." N kò gbọ́ tirẹ̀. Oòrùn ń pa wá, mo sì wo dúrọ́ọ̀ yẹn, mo ní bí gbogbo àwọn yìí bá lè fi tiwọn sílẹ̀, kí ló máa ṣe tèmi? Mo gbé ìwé aláwọ̀ ewé Nàìjíríà mi lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi gun ọ̀kadà náà. A kò ṣubú, a kò gbá nǹkan kan. Nígbà tí mo dá a padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan tí n kò rí rí ló jáde wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé, ó sì rí ibi tó ha. Kò gùn ju ìka mi lọ, ìdọ̀tí sì ti wọ inú rẹ̀, ẹni tó bá lójú á mọ̀ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní báàtì 15,000. Mo ní fún kí ni? Ó ní gbogbo ike ẹ̀gbẹ́ yẹn ni àwọn máa pààrọ̀. Mo ní n kò ní san án. Ó ní kò burú, kí n máa lọ, ìgbà tí mo bá rówó kí n padà wá gba ìwé mi. Ó ti dúrọ́ọ̀ náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Aago 11 àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàálù wa máa gbéra.

Olóòtú, mo ti pé ẹni ọdún 43, ìyàwó mi kò rí ẹkún mi rí. Ó rí i lọ́jọ́ náà, lórí àga ike níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Owó kọ́ ló pa mí lẹ́kún. Ohun tó pa mí lẹ́kún ni pé ọkùnrin yẹn mọ̀ pé kò síbi tí mo lè lọ. Ká ní owó mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ǹ bá fi í sílẹ̀ fún un, kí n bínú lọ. Ìwé ìrìnnà mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ń pinnu bóyá mo máa rí àwọn ọmọ mi lọ́la tàbí n kò ní rí wọn.

Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá alẹ́ ni a fi ń bẹ̀ ẹ́. A ń dúnàádúrà bí ẹni tó ń ra ẹran ní Bódìjà. Ó já a sí 9,000. Mo lọ fa owó yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, mo kà á fún un. Ó lé ní pọ́n-ùn 200. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó iṣẹ́ òru méjì, tí mo fi ń yí àwọn arúgbó padà lórí ibùsùn, tí mo fi ń pààrọ̀ aṣọ wọn, ló bọ́ sápò ọkùnrin yẹn nítorí ibi tó ha lára ike.

Láyé àwọn baba wa, ohun tí èèyàn lè rà padà ló ń fi dógò: aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀, oko kòkó pàápàá. Bí ọ̀rọ̀ bá wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn ni wọ́n ń fi ṣe ìwọ̀fà, ẹni náà á máa sin olówó títí owó yóò fi pé. Ìwé ìrìnnà kì í ṣe aṣọ òkè. Ẹni tó bá fi í dógò ní ìlú onílùú, ara rẹ̀ ló fi ṣe ìwọ̀fà.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí n kò fi í sílẹ̀ kí n lọ gba òmíràn. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ bó ṣe rí fún àwa tí a ń fi ìwé Nàìjíríà gbé Ìlú Ọba. Tẹ́lẹ̀, káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní BRP, òun la fi ń hàn pé a lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbí. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni èyí tó pọ̀ jù nínú káàdì yẹn parí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀tọ́ wa wà báyìí, eVisa ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n sì so ó mọ́. Bí pásípọ́ọ̀tù bá ti sọnù, ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyẹn. Ìwé pàjáwìrì tí ẹ́ńbásì wa lè fún ẹni tí tirẹ̀ sọnù, Nàìjíríà nìkan ló ń gbéni lọ. Kò lè gbé mi dé Manchester, níbi tí àwọn ìbejì mi wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn. Bangkok sì ni ẹ́ńbásì náà wà, ó ju kìlómítà 800 lọ sí Phuket lójú títì. Ká ní mo bá ọ̀nà yẹn lọ, màá kọ́kọ́ dé Èkó, màá to ìlà fún ìwé tuntun, màá wá fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí n tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ wo ló máa dúró dè mí?

Ìyókù ìbínú mi, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ wa ló ń lọ. Ìwé yìí kì í ṣe tiwa, ti ìjọba ni, àwa kàn ń gbé e kiri ni. Ta ló wá yẹ kó kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọ́ ọ? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ìlú wọn tó ń lọ sí Tháílàndì pé kí wọ́n má fi pásípọ́ọ̀tù dógò. Ìgbà tí mo padà délé ni mo tó kà á. Mo wá irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa títí, n kò rí i. Lọ́jọ́ tí mo gba tèmi, wọ́n ya ojú mi, wọ́n tẹ ìka mi, wọ́n gba owó mi, mo sì jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán. Gbólóhùn kan ṣoṣo lórí bí mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa ń rántí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n gbé olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún 5 kúrò ní náírà 35,000 sí 50,000. Nígbà tó pé ọdún kan gééré, wọ́n sọ ọ́ di 100,000, olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún 10 sì di 200,000. Ohun tó wọ́n tó báyìí, ṣé kò yẹ kí ẹni tó ń tà á sọ fún wa bí a ó ṣe lò ó?

Ó dùn mí, nítorí ó yẹ kí àwa ọmọ Nàìjíríà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n kó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Lẹ́bánónì àti nílẹ̀ Lárúbáwá, kí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ nígbà tí wọ́n padà dé? Wọ́n ní ìwé ìrìnnà àwọn ni ọ̀gá àwọn kọ́kọ́ gbà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti lè lọ, bí ọ̀gá kò tilẹ̀ tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Gbogbo wa la pariwo. Kí ló wá dé tí àwa tí a lọ gbádùn ara wa fi ń fi ọwọ́ ara wa gbé tiwa fún ọlọ́kadà?

Àbá kan wà lọ́kàn mi, mo sì ti rò ó dáadáa. Kí wọ́n ṣe káàdì kan, kò ní tóbi ju ojú ewé pásípọ́ọ̀tù lọ, kí wọ́n máa fi sínú gbogbo ìwé ìrìnnà tí wọ́n bá fún èèyàn, nílé lóko. Kí wọ́n kọ ọ́ sójú rẹ̀ gàdàgbà pé: "Ìjọba Nàìjíríà ló ni ìwé yìí. Ìjọba kò gbà kí a fi í dógò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ àti owó." Kí ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Lárúbáwá, Pọtogí, èdè Ṣáínà, èdè àwọn ará Tháílàndì, ti Túkì àti ti Indonéṣíà, nítorí pé ní Bali tó wà ní Indonéṣíà náà, wọn a máa béèrè fún pásípọ́ọ̀tù. Kí nọ́ńbà fóònù ẹ́ńbásì wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà tí èèyàn máa gbé lóru. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí ọlọ́jà máa kọ iye owó tó gbà sí, kó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń ṣètò ìrìnàjò fún èèyàn náà lè máa tẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọlọ́jà mìíràn kò ní ka káàdì náà sí. Ìyẹn kò ba àbá mi jẹ́. Ohun tó mú mi lọ́jọ́ yẹn ni pé n kò mọ bí mo ṣe lè sọ pé rárá fún obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, tí oníbàárà mìíràn sì dúró lẹ́yìn mi. Ká ní káàdì yẹn wà lọ́wọ́ mi, òun ni ì bá bá mi sọ ọ́. Ǹ bá tọ́ka sí i, ǹ bá ní ìjọba mi ni kò gbà. Bí obìnrin náà bá kọ̀, ǹ bá mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe ibi tó yẹ kí n dúró sí.

Kí a tó rí káàdì, ẹ fi owó àti ẹ̀dà lọ̀ wọ́n, bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ fi fóònù ya fídíò gbogbo ara ọ̀kadà náà kí ẹ tó gùn ún, títí dé abẹ́ rẹ̀, kí ọlọ́jà máa wò yín. Ti òtẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ o: òfin Tháílàndì ní kí wọ́n fi orúkọ àlejò ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín wákàtí 24, wọ́n á wo ìwé yín, wọ́n á dá a padà lójú ẹsẹ̀. Bí ìjà bá sì dé, 1155 ni nọ́ńbà àwọn ọlọ́pàá tó wà fún àlejò ní Tháílàndì. Òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì wa ló sọ ọ́ fún mi, lẹ́yìn tí mo ti sanwó tán.

Mo ti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ọmọ inú ìjọ wa yẹn. Mo sọ ìtàn mi fún un pátá láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọjọ́bọ̀ ló ń dá ọ̀kadà padà, ọjọ́ Ẹtì ni bàálù rẹ̀. Kò tíì fèsì láti àná.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Bàbá Ìbejì, Manchester