Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí power pack

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Láti oṣù yìí lọ, ṣọ́ọ̀bù wa ò ní fi power pack yẹpẹrẹ, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, sínú kọ̀ǹpútà kankan tí a bá tò mọ́, kódà bí oníbàárà bá bẹ̀ wá. Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá tó, a ó jọ wo ibòmíràn tí a ti lè dín in kù. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí i, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé níbí ní Ṣómólú: ìwé ìpè, kàlẹ́ńdà, bánà, ìwé ètò òkú. Bí ẹ bá wọlé wá, ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa ń bèèrè nípa ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn processor, ni, "Ṣé i7 ni?" Lẹ́yìn náà ẹ ó bèèrè bí graphics card, èyí tó ń gbé àwòrán jáde, ṣe tóbi tó. Àwọn ọ̀dọ́ inú yín a tún bèèrè bóyá fáànù rẹ̀ ń tan iná aláràbarà. Ṣùgbọ́n power pack, àpótí inú casing tí ẹ ń ki wáyà iná bọ̀ lẹ́yìn yẹn, mi ò tíì rí ẹni tó bèèrè rẹ̀ rí.

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń bá wa rajà tipẹ́ fẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun. Graphics card tó wù ú ju owó ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Àbúrò, yọ owó yẹn lára power pack, ṣebí iná náà ni gbogbo wọn ń gbé." Ara mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, ni mo bá ṣe é. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ní dì í ru ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ìparí ọdún tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ń wọlé, wọ́n mú iná lọ, wọ́n tún mú un dé lójijì, kọ̀ǹpútà náà sì dún gbàù. Orí ọ̀kadà ló gbé e wá bá mi, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Motherboard, pátákó tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ so mọ́, ti jó. Hard disk náà ti jó. Iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ti san àsansílẹ̀ fún ló wà nínú rẹ̀, a ò sì rí nǹkan kan yọ níbẹ̀.

Èmi àti àwọn ọmọ tú power pack yẹn palẹ̀ lórí tábìlì. 600 watts ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí agolo tí wọ́n ti kó mílíìkì inú rẹ̀ tán. Wọ́n ya àmì síbi tó yẹ kí àwọn ohun tó ń sẹ́ iná wà, wáyà tín-ín-rín lásán ni wọ́n fi so ó kọjá. Capacitor rẹ̀, èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́ díẹ̀, ò ju èso ẹ̀wà lọ, orí rẹ̀ sì ti wú. A gbé ojúlówó tí wọ́n kọ 500 watts sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ó wúwo, wáyà rẹ̀ nípọn, gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Iná tó ń ti ògiri wá, volt 230 ni. Power pack ló ń sọ ọ́ di volt 12, 5 àti 3.3 tí àwọn nǹkan inú kọ̀ǹpútà lè gbà. Kò sí ohun kan nínú ẹ̀rọ yẹn tí kì í tọwọ́ rẹ̀ gbaná. Ojúlówó, bí iná bá kọjá ààlà, á pa ara rẹ̀ kí wàhálà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Yẹpẹrẹ a jẹ́ kó wọlé. Àmì 80 Plus tí ẹ ń rí lára wọn ń sọ̀rọ̀ nípa iná tó ń fi ṣòfò nìkan, kò ní kí ó dáàbò bo ẹ̀rọ yín, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Pẹ̀lú iná tiwa yìí àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé iná lọ sókè sódò, ìrì ọ̀hún pọ̀.

Níbo la ti máa rí owó ojúlówó power pack? Lára orúkọ i7 la ó ti kọ́kọ́ wò ó. i7-2600 jáde ní 2011, core 4 ló ní, ìyẹn ni pé ọpọlọ kékeré mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. i3-12100 jáde ní 2022, core 4 ni tòun náà, ó sì yára jù ú lọ fíìfíì. Windows 11 ò ka i7 àtijọ́ yẹn mọ́ àwọn tó gbà, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Ọdún tí wọ́n ṣe é ni kí ẹ máa bèèrè.

Graphics card ńlá wà fún eré géèmù, fídíò àti 3D. Ẹni tó ń ya ìwé ìpè nínú CorelDRAW, RAM 16GB, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ máa ń wà, àti SSD, ibi ìkóṣẹ́pamọ́ tó yára ju hard disk lọ, ló máa ràn án lọ́wọ́. RAM ọ̀hún, ẹ jẹ́ ká fi 8GB méjì ṣe é dípò 16GB kan ṣoṣo, kí ó lè máa gba ọ̀nà méjì rìn. SSD tí wọ́n ń pariwo pé ó ń sá 7,000MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí tí kò wọ́n nínú iṣẹ́ yín. Ti iná aláràbarà, ẹ fi sílẹ̀. Casing tí iwájú rẹ̀ ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé sàn jù ú, kí ẹ ṣáà máa gbọn eruku rẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Bí owó bá tún ṣẹ́kù, ojú kọ̀ǹpútà, ìyẹn monitor, ni kí ẹ ná an sí. Ẹ jókòó síwájú èyí tí ẹ ń lò báyìí, ẹ ṣí àwòrán tó ní àwọ̀ pupa, ẹ wá rọra tẹ orí yín sísàlẹ̀. Bí pupa yẹn bá ń ṣókùnkùn tàbí tó ń ṣí bí orí yín ṣe ń lọ, èwo nínú wọn lẹ fẹ́ tẹ̀ sórí bébà? Monitor irú èyí tí wọ́n ń pè ní IPS kì í fi bẹ́ẹ̀ yí àwọ̀ padà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tún odindi iṣẹ́ tẹ̀ nítorí èyí.

Ẹ̀gbọ́n yẹn, mo fi owó ara mi ra motherboard mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni mo ta irú power pack yẹn fún, èmi náà sì mọ̀. Bí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wa láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, tí ẹ ò sì rántí èyí tí a fi sí i, ẹ gbé e wá ní Sátidé èyíkéyìí, láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjì. A ó ṣí i níwájú yín, a ò ní gba kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ yẹpẹrẹ la bá níbẹ̀, a ó yọ gbogbo iye tí ẹ ra power pack yẹn kúrò nínú owó ojúlówó tuntun. Kí ẹ tó gbé e kúrò nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín sórí flash.